Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Wíwọ̀ sí Ilé Àlejò Kékeré ní Ṣábẹ̀ẹ́

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn tí ó fẹ́ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń béèrè lemọ́lemọ́, pàápàá àwọn tí ó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti láti Kútọnu.

Níbo ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà?

Àárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà, nínú ẹkùn Collines, pẹ̀lú Ìdáàṣà (Dassa-Zoumé), Savalou, Glazoué, Bantè àti Ouèssè. Láti Kútọnu dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Savè ni wọ́n ń kọ sí ara pátákó ojú títì, nítorí náà orúkọ yẹn ni kí ẹ máa fi ojú wá lọ́nà.

Ìlú Yorùbá ni, ìlú aládé sì ni pẹ̀lú; Oníṣábẹ̀ẹ́ ni orúkọ oyè ọba ibẹ̀. Ohun tí ojú àlejò máa ń kọ́kọ́ bá ni àwọn àpáta rìbìtì tí ó yọrí sókè létí ìlú. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mè ń jà káàkiri, orí òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará agbègbè yìí ń sá sí, ìdí sì nìyẹn tí wọn kò fi ń wò wọ́n bí òkúta lásán títí di òní.

Báwo ni mo ṣe lè dé ibẹ̀?

Ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu lọ sí Parakou gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, lẹ́yìn Bohicon, Ìdáàṣà àti Glazoué. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tí ó ń lọ sí Parakou máa ń gbéra ní ìdájí. Kí ẹ tó san owó, ẹ sọ pé Savè ni ẹ óò ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá owó Savè ni wọn yóò gbà tàbí owó Parakou. Takísí elérò wà ní Bohicon àti ní Ìdáàṣà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í gbéra àfi bí ó bá kún. Ojú irin wà nínú ìlú lóòótọ́, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ̀ ojú irin sọ́kàn fún ìrìn-àjò yìí.

Ẹ ṣe é kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò kékeré kò ní iná lára pátákó wọn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní pátákó rárá, ẹnu ni a fi ń béèrè wọn. Zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ni yóò gbé yín láti ẹ̀bá títì dé ẹnu ọ̀nà ilé; ẹ dá iye owó kí ẹ tó gorí rẹ̀.

Irú ilé wo gan-an ni ilé àlejò kékeré yìí?

Ilé tí yàrá rẹ̀ mọ níwọ̀nba ni, tí onílé àti ẹbí rẹ̀ ń gbé nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú àlejò. Òmíràn nínú wọn jẹ́ agboolé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe: ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, òrùlé páànù, àgbàlá ní àárín, àwọn yàrá tí ó kọjú sí àgbàlá náà, àti àmù omi tí wọ́n rì sí ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìbòòji kí ó lè máa tutù. Kò sí ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì láti gbà yín. Ẹ óò pàtẹ́wọ́ tàbí kí ẹ kágò lẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé kan yóò sì sáré pe ìyá rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ìgbà tí òun jáde àti ìgbà tí òun wọlé, kí ó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Níhìn-ín, ará ilé ni ẹ jẹ́ títí ẹ óò fi lọ. Wọn yóò máa kí yín ní àárọ̀, wọn yóò béèrè bí ẹ ti sùn, wọn yóò sì máa retí pé kí ẹ̀yin náà kọ́kọ́ kí àgbà tí ẹ bá bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ tẹríba bí ó ti yẹ. Ìkíni yìí ju owó lọ nínú ohun tí ń mú kí wọ́n tọ́jú àlejò dáadáa. Ẹni tí kò bá kí ènìyàn lè san gbogbo owó rẹ̀ pé, kí ó sì máa rò pé wọn kò fẹ́ràn òun.

Ṣé dandan ni kí n pè kí n tó wá?

Kì í ṣe dandan ní ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n ó dára. Ní Oṣù Kẹjọ ó di dandan, nítorí pé àwọn Kátólíìkì máa ń rọ́ lọ sí ojúbọ Màríà ní Ìdáàṣà, ọjọ́ 15 oṣù náà sì ni ọdún iṣu ní Savalou, tí àwọn àlejò tí kò rí ibi sùn níbẹ̀ yóò sì tàn dé ìlú tí ó yí wọn ká. Ní àsìkò kájú, láti nǹkan bí Oṣù Kejì dé Oṣù Karùn-ún, àwọn oníṣòwò tí ń ra kájú lè gba yàrá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Bí ẹ bá pè, ẹ pè lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ gan-an. Àdéhùn orí fóònù tí ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì kì í sábà dúró nílé tí yàrá rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ.

Ìwé wo ni mo gbọ́dọ̀ mú dání?

Ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà láti wọ Bẹ̀nẹ̀. Onílé yóò ní kí ẹ kọ orúkọ, iṣẹ́, ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ sínú fọ́ọ̀mù tí àwọn ọlọ́pàá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ó ti rí, ẹ má sì bínú sí i, nítorí òun ni yóò dáhùn bí wọ́n bá wá yẹ ìwé wò. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú dání pẹ̀lú.

Báwo ni owó sísan ṣe ń lọ?

Sẹ́fà ni owó ibẹ̀, owó kan náà tí wọ́n ń ná ní Tógò àti ní Niger. Ẹ pààrọ̀ náírà yín kí ẹ tó kúrò ní ẹnubodè tàbí ní Kútọnu. Ẹ ya owó wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀, nítorí bébà 10,000 lè sọ yín di ẹni tí ń káàkiri àdúgbò ní ìdájí láti wá ẹni tí yóò ṣẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ onílé ń gba owó orí fóònù, ìyẹn MoMo, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ bi onílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni èyí: ṣé iye tí ó dá jẹ́ ti yàrá tàbí ti orí kọ̀ọ̀kan? Ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé ilẹ̀ tí ó bá mọ́ ni ọjọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, àbí ọ̀sán? Bí ẹ bá rí ilé tí ó ń gbé yàrá fún wákàtí díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹnu mọ́ ọn pé òru ni ẹ fẹ́ sùn. Ẹ lè dúnàádúrà díẹ̀ bí ẹ bá máa pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n fún òru kan ṣoṣo, iye tí wọ́n bá dá ni kí ẹ san. Owó tí ó ń wọlé fún irú ilé bẹ́ẹ̀ kéré, òun náà ni wọ́n sì fi ń ra omi, ọṣẹ àti epo ẹ̀rọ.

Ṣé òtútù wà níbẹ̀, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ìlú òkè? Yàrá wo ni kí n yàn?

Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ kò ga tó èyí tí ń mú òtútù wá. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, ni òru máa ń tutù tí a sì ń bora. Nínú Oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ooru ibẹ̀ le gan-an. Òkúta dúdú yẹn ń gba oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, lálẹ́ ni ó sì ń tú ooru náà jáde, tí ó fi jẹ́ pé ilé tí ó bá fara ti àpáta lè máa gbóná di ọ̀gànjọ́.

Ìyẹn ni ó fi yẹ kí ẹ wo ogiri kí ẹ tó wo bẹ́ẹ̀dì. Yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ nínípọn, tí ó ní àjà lábẹ́ páànù, tí fèrèsé rẹ̀ sì kọjú síra, sàn ju yàrá bíríkì tuntun tí kò ní àjà lọ. Lára pátákó, wọn a máa kọ “ventilé” fún yàrá onífáànù àti “climatisé” fún èyí tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Èkejì wọ́n púpọ̀, kò sì wúlò bí iná bá lọ. Ẹ tan fáànù náà wò kí ẹ tó sanwó. Bí ooru bá pọ̀ jù, kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún yín ní àgbàlá lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Báwo ni omi àti ìwẹ̀ ṣe rí?

Ní ọ̀pọ̀ ilé, garawa àti ife ni a fi ń wẹ̀. Balùwẹ̀ lè wà lẹ́yìn àgbàlá, kí ṣáláńgá sì wà lọ́tọ̀. Ẹ gbé iná ìléwọ́ dání fún òru. Bí ẹ bá fẹ́ omi gbígbóná, ẹ sọ ọ́ ní àṣálẹ́, kí wọ́n lè gbé e kaná ní ìdájí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ omi lò. Orí àpáta ni ìlú yìí wà, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì sí níbi gbogbo. Inú ìsán tí ó wà láàárín òkúta ni ó ń gbà, nítorí náà kànga kan lè kún kí èkejì tí kò jìnnà sí i gbẹ. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ ilé tàbí obìnrin ilé ni yóò ru omi tí ẹ óò fi wẹ̀ láti ìta wá. Garawa kan tó fún ìwẹ̀ ẹnì kan.

Omi mímu tí ẹ bá rí nínú àmù tutù, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára kí ó ra omi inú ike. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá onílé pé dókítà ní kí ẹ mú omi inú ike. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Iná àti fóònù ńkọ́?

Iná wà, ó sì ń lọ. Ihò ìfi-iná ibẹ̀ jẹ́ ti Faransé, oníhò róbótó méjì. Púlọ́ọ̀gì oníga mẹ́ta ti Nàìjíríà kò wọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ mú adápútà tí yóò so wọ́n pọ̀ dání. Síìmù MTN àti Moov ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú, ìwé ìdánimọ̀ ni wọ́n fi ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má retí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ onílé.

Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, báwo ni mo sì ṣe lè jẹun nílé àlejò?

Iyán ni olórí oúnjẹ. Iṣu tí wọ́n ń pè ní lábókò ni gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń yìn fún iyán gígún, ẹkùn yìí sì ni a ti ń gbìn ín púpọ̀. Ó máa ń funfun, ó máa ń fà, kò sì ní kókó bí ọwọ́ tí ó gún un bá mọ iṣẹ́. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tàbí ọbẹ̀ ilá ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, ẹja, tàbí wàrà líle tí wọ́n ń pè ní wàgásì. Àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n ń ṣe wàrà yìí: omi ara bomubómu ni wọ́n fi ń mú kí ó dì, èèpo pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n sì fi ń pa á láró pupa kí ó má tètè bàjẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ ata tí ó gbóná kì í wá ẹran mọ́.

Àmàlà wà, télíbò ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kọ wà, àkàsà ni orúkọ tí ẹ óò gbọ́. Lójú pópó, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ ni ó rọrùn jù láti rí láàárọ̀.

Kò sí ilé ìdáná tí ó ń dúró de àlejò. Kí ẹ tó jáde ní òwúrọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ óò jẹ lálẹ́, kí ẹ sì fi owó ọjà sílẹ̀, nítorí pé ìyá onílé yóò lọ ra iṣu, yóò bẹ ẹ́, yóò sè é, àwọn ọmọ yóò sì gún un. Ẹni tí ó dé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tí ó ń béèrè iyán ń ni wọ́n lára. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ilé kan wà tí kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí wọ́n tó ṣe ètùtù rẹ̀. Bí wọ́n bá ní iṣu èṣí ni àwọn ní, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ṣé Yorùbá mi yóò yé wọn?

Yóò yé wọn. Ẹ̀ka èdè Ṣábẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí Yorùbá Ìbàdàn tàbí ti Ọ̀yọ́, ó sì lè gba sùúrù kí ẹ tó máa gbọ́ ọ já, ṣùgbọ́n àwọn àgbà gbọ́ tiyín ju bí ẹ ti rò lọ. Faransé ni ẹ óò bá pàdé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ní ilé ìwòsàn àti lára gbogbo ìwé.

Ṣé mo lè gun òkè náà fúnra mi?

Ẹ má ṣe é. Àwọn ojúbọ wà lórí òkè mìíràn àti ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sí àmì kankan tí yóò sọ fún àlejò pé ibi báyìí ni kí ó má gbà. Onílé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Òun ni yóò wá ọmọ àdúgbò tí ó mọ ọ̀nà, òun náà ni yóò sọ bóyá ó yẹ kí ẹ kí àgbà kan kí ẹ tó gun ún, àti ohun tí ẹ óò mú lọ́wọ́ lọ kí i. Ẹ dá owó ẹni tí yóò mú yín lọ kí ẹ tó gbéra.

Ní ti gígun náà fúnra rẹ̀, ìdájí ni ó dára jù. Bí oòrùn bá ti mú, òkúta yóò gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dì í mú. Ẹ wọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gán ilẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ibi tí ó bá dúdú lójú òkúta, ojú ipa omi òjò ni, ibẹ̀ ni ó máa ń yọ̀ jù, pàápàá láàárín Oṣù Kẹrin àti Oṣù Kẹwàá tí òjò ń rọ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kí ẹ dé òkè. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lásìkò yóò rí ìlú tí ó tẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀, ọ̀nà Parakou tí ó là á já, àti àwọn òkè mìíràn tí ó dá dúró nínú pápá títí ojú fi kú.

Kí ni kí n ṣe nípa ẹ̀fọn àti àìlera?

Ibà wà ní gbogbo ọdún, ó sì ń pọ̀ sí i nígbà òjò. Ẹ béèrè àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ya, kí ẹ sì ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní ìsùn. Bí ara bá ń gbóná, ẹ sọ fún onílé lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú ìlú. Ẹ má fi ara pamọ́ sínú yàrá nítorí pé ẹ kò fẹ́ da ilé láàmú.

Obìnrin ni mí, èmi nìkan ni mo sì ń bọ̀. Ṣé kò léwu?

Ilé tí ìdílé ń gbé ni mo gbà yín níyànjú láti wọ̀ sí, ju èyí tí ó ní ilé ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ yàn yàrá tí ó kọjú sí àgbàlá, kí ẹ wo bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti inú, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá onílé mọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ óò dé. Ìyá tí ó bá mọ̀ pé ọmọ òun kan wà níta kì í sùn títí yóò fi wọlé.

Ṣé a lè sùn ní yàrá kan náà bí a kò bá tíì ṣe ìgbéyàwó?

Ilé sí ilé ni. Àwọn kan kì í béèrè, àwọn kan kì í gbà á rárá, pàápàá níbi tí bàbá ilé jẹ́ àlùfáà tàbí bàbálórìṣà. Ẹ béèrè kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, ẹ má sì parọ́ pé tọkọtaya ni yín. Ẹni tí ẹ bá pàdé nínú ìlú, ẹ má mú un wọ yàrá láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Ní àgbàlá ni kí ẹ ti gbà á lálejò.

Onílé ní kí obìnrin má jáde lálẹ́ nítorí Orò. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má sì yọjú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní àríyànjiyàn nínú, bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ́ oníwàásù tàbí ọ̀mọ̀wé. Ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀, kí òun náà jókòó sílé. Ẹ ra omi àti oúnjẹ sílẹ̀ kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti òru, ẹ bi onílé léèrè ní ọ̀sán, kí ẹ lè sún un sí ọjọ́ kejì.

Ṣé mo lè ya fọ́tò?

Òkè àti ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni. Ojúbọ, egúngún, ààfin àti inú ilé tí ẹ dé sí, ẹ gba àṣẹ. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi fóònù sápò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọba, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú mú yín lọ, ẹ má lọ ní ọwọ́ òfo, kí ẹ sì ṣe bí wọ́n bá ti ní kí ẹ ṣe nípa fìlà àti bàtà.

Owó tí wọ́n kà fún mi ju àdéhùn lọ. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ má gbé ohùn sókè ní àgbàlá, níwájú àwọn ọmọ àti àwọn aládùúgbò. Ẹ bẹ onílé kí ẹ jọ jókòó, kí ó ka ohun tí ó fi owó náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọjà oúnjẹ, omi tí wọ́n rà, tàbí òru tí ẹ rò pé ọ̀sán ni yóò parí ni ó fa ìyàtọ̀. Bí kò bá yanjú, ẹ pe àgbà ilé sí i. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá dá sí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Nítorí èyí, ẹ kọ iye tí ẹ jọ dá àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí ìwé kékeré lọ́jọ́ tí ẹ dé, kí ẹ fi han onílé, kí ẹ sì máa san owó oúnjẹ lójoojúmọ́ dípò kí ẹ jẹ́ kí ó kó jọ di ọjọ́ tí ẹ óò lọ.

Ṣé ó yẹ kí n fi nǹkan sílẹ̀ nígbà tí mo bá ń lọ?

Kò sí ẹni tí yóò béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fún ọmọ tí ó ń pọn omi àti ẹni tí ó gún iyán ní tiwọn lọ́wọ́, lójú ìyá ilé, kí ó má bàa dà bí ohun ìkọ̀kọ̀. Ọṣẹ, ṣúgà tàbí búrẹ́dì láti Kútọnu dára púpọ̀ fún ìyá àgbà. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ẹ sì dágbére fún gbogbo ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan bàbá tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ jí tó àsìkò tí èyí kò fi ní jẹ́ kí bọ́ọ̀sì já yín sílẹ̀.